Ìrèké Rù, Ọdún Ìrèké Sanra

Ẹ kú ìkórè o, ẹ̀yin ará Bárbádọ̀s! Ẹ dákun, kí lẹ kórè? Láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí di Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ lẹ fi ń jó pé ẹ ti gé ìrèké tán. Crop Over lẹ pè é. Ẹ nawọ́ yín ká wò ó. Ṣé ọwọ́ tó gé ìrèké rèé, tí èékánná gígùn aláwọ̀ mẹ́wàá wà lórí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ á má purọ́ fúnra wa. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà kan ṣoṣo ló kù tó ń fún ìrèké lórí erékùṣù yín, Portvale lorúkọ rẹ̀. Oko ìrèké ń rù, ọdún ìrèké ń sanra. Bó bá ń bá báyìí lọ, ọjọ́ tí ìrèké tó gbẹ̀yìn bá kú, oṣù mẹ́fà gbáko lẹ ó fi jó.

Kò kúkú rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Láyé oko ẹrú, ẹni tó ń jó mọ ohun tó ń jó sí. Ó ti gé ìrèké fún ọ̀pọ̀ oṣù lábẹ́ oòrùn àti pàṣán. Bí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kẹ́yìn bá ń wọ àgbàlá tòun ti òdòdó lára, ijó tọ́ sí i, ọtí tọ́ sí i. Nígbà tí ayé ẹrú sì kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀yìn ìkórè lebi ń bọ̀: kò síṣẹ́, kò sówó, títí ìrèké mìíràn yóò fi gbó. Ìyà yẹn ni wọ́n fi ewé ìrèké gbígbẹ ṣe ère rẹ̀ bí ènìyàn, tí wọ́n gbé kóòtù dúdú àti fìlà gogoro wọ̀ ọ́, tí wọ́n pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Harding, tí wọ́n sì dáná sun ún. Mo fẹ́ràn Ọ̀gbẹ́ni Harding yìí púpọ̀. Ká ní àdúgbò tiwa ni, mẹ́ta la ó sun: onílé, oníná mọ̀nàmọ́ná, àti ìyá tó ń gba owó àjọ.

Ọdún náà sùn lọ ní àwọn ọdún 1940. Ta ló wá jí i ní 1974? Ṣé àgbẹ̀ ni? Ṣé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gé ìrèké ni? Rárá o. Ìgbìmọ̀ ìrìnàjò afẹ́ ni! Wọ́n wo oko, wọ́n rí i pé ìrèké ò dùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n wá bojú wo pápákọ̀ òfurufú, wọ́n rí ohun ọ̀gbìn tuntun tó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tó wọ ṣòkòtò péńpé, tí oòrùn ti sun imú rẹ̀ pupa. Irúgbìn tí kì í béèrè ajílẹ̀! Ọtí rọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n fi ń bomi rin ín, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti so dọ́là.

Ká wá dé orí Kadooment, ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà, tí gbogbo rẹ̀ ń dà rú. Ọjọ́ Ajé ni, ìsinmi gbogbogbòò, kò sẹ́ni tó lọ síbi iṣẹ́. Ajé ló ń wá wọn kiri lójú títì. Ìyẹ́ kún ìgboro tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo adìẹ Bridgetown, olú-ìlú wọn, fi ń ka ara wọn wò. Aṣọ ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ ówàńbẹ̀ tí ẹ ń kùn pé aṣọ ẹbí ti wọ́n jù, yáàdì mẹ́fà ṣáà wà lọ́wọ́ yín. Lọ́hùn-ún, bí aṣọ bá ṣe ń kéré sí i ni owó rẹ̀ ń ga sí i. Èyí tójú ò rí rárá, ẹ ó yá owó kẹ́ ẹ tó lè rà á. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ìyá àgbà fi ìró mẹ́ta bò mọ́lẹ̀, òun gan-an ni odindi aṣọ.

Ijó wọn ń jẹ́ wuk up. Ẹsẹ̀ ò ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀, ọwọ́ náà ò ṣe nǹkan kan, ìbàdí nìkan ló wá síbi iṣẹ́. Erékùṣù yìí ò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 lọ ní gígùn àti 23 ní fífẹ̀. Bí gbogbo ìbàdí tó wà lórí rẹ̀ bá yí sápá kan náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù ń bà mí kí ilẹ̀ náà má ṣí nídìí, kó lọ gbá erékùṣù Saint Lucia tó múlé tì í.

Kó tó di ọjọ́ Kadooment ni Foreday Morning, tí wọ́n ń fi ẹrẹ̀ àti ọ̀dà kun ara láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìyá tó na ọmọ rẹ̀ lánàá torí pé ó fi ẹrẹ̀ ba aṣọ ilé-ìwé jẹ́, òun ló sanwó lónìí kí ẹni tí kò mọ̀ rí fi ẹrẹ̀ kùn ún látorí dé àtàǹpàkò.

Ẹ̀yin náà ń retí Rihanna olórin, mo mọ̀. Ọmọ wọn ni, ilé ló sì ń wá ṣọdún. Ní 2017 ó pa irun láró bí àwọ̀ omi òkun, ó gbé ìyẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ayé dúró. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ní àṣà ti bàjẹ́, ẹ ti wo fọ́tò yẹn, ẹ sì fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú, àwọn ará Bárbádọ̀s fúnra wọn ò lè kó ara wọn níjàánu lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: ní 2021, lóru ọjọ́ tí wọ́n yọ Ọbabìnrin Elizabeth nípò olórí orílẹ̀-èdè, lóru ọjọ́ náà ni wọ́n sọ Rihanna di akọni orílẹ̀-èdè. Ọbabìnrin kan jáde, òmíràn wọlé, ìjókòó ò sì tíì tutù.

Ibi tí mo ti ń jowú wọn gan-an ni orin. Akọrin kalípísò wọn kan wà tó ń jẹ́ Red Plastic Bag. Ọ̀rá Pupa, ẹ gbọ́ o! Nígbà tó ń díje níbi ìdíje orin Pic-O-De-Crop, bí wọ́n bá ti pè é sórí ìtàgé, mínísítà ti mọ̀ pé òun ni wọ́n fẹ́ dì sínú rẹ̀. Gabby, akọrin kalípísò mìíràn, náà kọ orin kan tó pè ní Jack ní 1982, ìgbìmọ̀ ìrìnàjò afẹ́ tó jí ọdún dìde lọ̀rọ̀ náà sì bá, nítorí etíkun tí wọ́n fẹ́ fi ta ilé ìtura lọ́rẹ. Olórin tiwa ńkọ́? Bó bá rí mínísítà báyìí, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, owó á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí.

Oúnjẹ wọn, cou-cou: ọkà àgbàdo tí wọ́n ro pọ̀ mọ́ ilá nínú ìkòkò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè ọbẹ̀ sí i. Ẹja tó ń fò ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ẹja kan náà tó wà lára owó onídọ́là kan wọn. Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí mẹ̀kúnnù náà ti ń rí owó jẹ.

Ẹni tó lóun kò lè dé ọ̀hún, àjọ̀dún Notting Hill wà ní Lọ́ńdọ̀nù níparí oṣù kẹjọ, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Peckham, a rí yín, tẹ́ ẹ wọ ìyẹ́ sábẹ́ kóòtù òjò. Ẹ ti sọ fún pásítọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ló sọ yín di aláìlè-wá. Ó sì gbà yín gbọ́, àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá a pàdé lẹ́yìn ọkọ̀ orin kẹta, tó ní ìwàásù lòún wá ṣe.