Ẹ̀ṣọ́ Tí A Kó Wọlé

Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń rí i tí a ń fi kóńgò wọn gàrí, tí a ń fi ìgò wọn epo, tí àwọn aláṣọ Gbági sì ń fi ọ̀pá wọn àǹkárá, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan báyìí, nínú ilé tuntun tí àbúrò mi kan kọ́ sí Akóbọ̀ ní Ìbàdàn, ni mo kọ́kọ́ fi etí ara mi gbọ́ ibi tí ènìyàn ti ń ra ìwé ní ẹsẹ̀ bàtà. Kò dárúkọ ìwé kankan fún ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, kò béèrè bóyá ìtàn ni tàbí òfin tàbí ìwé oúnjẹ sísè, ohun tí ó wí ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ bàtà 10 aláwọ̀ aró, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 10 aláwọ̀ wúrà tì í, kí gíga wọn má sì yàtọ̀ síra, nítorí kọ́tìnì wa."

Inú pálọ̀ ni a wà. Ó ti ránṣẹ́ pè mí láti wá fi ojú àgbà wo ohun tí káfíńtà fẹ́ ṣe sí ara ògiri, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi náà kò sì jẹ́ kí ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà láti kékeré, àti pé, kí n má purọ́, ìyàwó rẹ̀ mọ ẹ̀fọ́ rírò. Ògiri náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, ó sì ga ní 9. Láti ilẹ̀ títí kan àjà ni ó fẹ́ kí pákó ọ̀gánwó bò ó, kí a kàn án mọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá wọlé yóò fi rò pé ilé àti igi jọ hù láti inú ilẹ̀ ni. Ó ti ya gbogbo rẹ̀ sórí tákàdá. Àárín gbùngbùn ni tẹlifíṣọ̀n yóò wà, àyè tí ó là fún un tó ẹni tí ó na gbọọrọ sórí ẹní; ní ọwọ́ ọ̀tún, àpótí gíláàsì tí ẹja wẹ́wẹ́ yóò máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀; ní ọwọ́ òsì, ìgò ọtí òyìnbó, àti fọ́tò tí òun àti gómìnà kan jọ yà níbi ìgbéyàwó (ẹ̀yìn gómìnà náà ni ó hàn jù nínú fọ́tò ọ̀hún); abẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan sì ni iná tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ti máa tàn. Ibi tí ó bá ṣẹ́kù ni ti ìwé.

Pẹpẹ ìwé ni ó ń pè é, n kò sì lè bá a jiyàn, nítorí pẹpẹ kan náà ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pe ibi ìrúbọ, èmi sì ti rí òrìṣà tí gbogbo àga inú pálọ̀ náà dojú kọ. Ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Pẹpẹ ọ̀gánwó, ọmọ arẹwà inú igbó, a-ga-kan-àjà-má-ru-ẹrù, a-tan-iná-fún-ohun-tí-ẹnìkan-kò-kà!

Ìgbà tí mo délé ni òwe kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ìwà àti ọgbọ́n tí a bá rí kó jọ nílé ni a fi ń ṣe ara lóge láàrin àwùjọ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti yí inú òwe náà sóde bí ẹni yí agbádá: òde ni ó ti ń kó ẹ̀ṣọ́ bọ̀ wálé, nítorí àwọn ará òde tí yóò wá wò ó nílé. Ẹni tí kò bá sí àlejò nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ni ìwé aláwọ̀ aró yóò ṣe fún un lọ́jọ́ náà? Bóyá wọn yóò pa iná abẹ́ pákó, kí ìwé náà lè sinmi.

Ẹni kan ṣoṣo tí orí rẹ̀ pé nínú wa lọ́jọ́ náà ni káfíńtà, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó há pẹ́ńsùlù sí etí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà pákó Bódìjà. Ó na tépù sí ògiri, ó nà án sílẹ̀, ó wá yíjú padà, ó béèrè ohun tí ó yẹ kí àwa àgbà ti kọ́kọ́ béèrè: "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú ìwé tí ẹ fẹ́ kó síbẹ̀, kí n fi mọ bí àyè rẹ̀ yóò ti ga àti bí yóò ti jìn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a wá ìwé nínú ilé yẹn! Yàrá 5 ni ilé náà ní, balùwẹ̀ 6. Ìyàwó ilé wọ yàrá lọ, ó mú ìwé ètò ìsìnkú wá. Ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú ìwé pélébé tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ wá. Ọ̀gá onílé fúnra rẹ̀ tú inú ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí ó sì rí mú bọ̀ ni àwọn ìwé tí a ń fi han ọlọ́pàá lójú pópó. Níkẹyìn, èmi ni mo fa Igbó Olódùmarè yọ nínú àpò mi, ẹ̀dà tí mo máa ń mú dání nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Road. Ìwé tí Fágúnwà gbé jáde ní 1949 ni a fi wọn pẹpẹ ọdún tí a wà yìí, nítorí kò sí òmíràn.

Káfíńtà wọn ìwé náà tán, ó ní kí pákó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, pé ẹsẹ̀ bàtà 2 tí ọ̀gá yà sórí tákàdá ti pọ̀ jù, eku ni yóò gba ẹ̀yìn ìwé ṣe ilé. Ó ní kí a má jẹ́ kí ẹ̀yìn pẹpẹ fara kan ògiri, nítorí balùwẹ̀ wà lódì kejì, ọ̀rinrin a sì máa gba inú búlọ́ọ̀kù wọlé bí olè. Ó ní kí a gbé pákó ìsàlẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí a sì fi oògùn ikán kun gbogbo rẹ̀ kí a tó kàn án. Gbogbo ìyẹn ni ọ̀gá gbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dìjà ni gígùn pákó kọ̀ọ̀kan, nítorí ó ti rí àwòrán ilé òyìnbó kan lórí fóònù, ẹsẹ̀ bàtà 6 gbáko ni pákó ibẹ̀ nà láìní òpó lábẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì fẹ́ kí tirẹ̀ rí. Káfíńtà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ni òun lè fọwọ́ sí. Ó ní ìwé tí a tò pọ̀ mọ́ra kì í ṣe òwú. Èyí tí ó bá kún ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò wúwo tó àpò ìrẹsì ńlá kan, kò sì ní pẹ́ tí pákó yóò fi tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. (Àwọn tí ó mọ ìṣirò rẹ̀ ní bí gígùn pákó bá di ìlọ́po 2, tí ìwé sì kún un bákan náà, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po 16. Káfíńtà yìí kò ka ìṣirò náà, ṣùgbọ́n ó ti tún pákó tí ó tẹ̀ ṣe rí.)

Ọ̀gá onílé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Má dààmú ara rẹ. Ìwé tèmi kò wúwo."

Káfíńtà wò ó, ó wò mí. "Ọ̀gá, ìwé wo ni kì í wúwo?"

Ìgbà náà ni ó tó ṣí fóònù rẹ̀ hàn wá. Ìwé tí yóò wà láti àyà ẹni dé àjà, páálí ni! Ẹ̀yìn ìwé lásán ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn sí, tí inú rẹ̀ ṣófo bí ìkarahun ìgbín tí a ti jẹ. Àwọn tí ó ní ewé nínú yóò wà nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ àlejò lè dé. "Tísà," ni ó wí fún mi, "ta ni yóò gbé àkàsọ̀ lọ wo inú èyí tí ó wà lókè?" N kò rí èsì fọ̀. Bí ẹ bá sì rò ó dáadáa, òótọ́ ni ó sọ: òfìfo kì í tẹ pákó. Ọgbọ́n tí kò wọ inú orí kan, kí ni yóò fi wúwo lórí igi?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé òde òní ni ó bí àrùn yìí o. Seneca, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 65 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ti bínú sí irú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó ní ilé àwọn ọ̀lẹ gan-an ni a ti ń bá àká ìwé tí ó ga kan àjà, pé wọ́n ti sọ iyàrá ìwé di ẹ̀ṣọ́ ilé bí ilé ìwẹ̀. Ìwé òfìfo náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1851, nígbà tí Charles Dickens kó lọ sí ilé tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí adìwé kan bá òun ṣe ẹ̀yìn ìwé tí kò ní inú, ó sì fúnra rẹ̀ hùmọ̀ orúkọ wọn: ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé ológbò ní ìdìpọ̀ 9, nítorí òyìnbó gbà pé ẹ̀mí 9 ni ológbò ní. Ṣùgbọ́n Dickens ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ti kọ ìwé tí ó ní inú kí ó tó ṣe èyí tí kò ní. Tiwa yìí, ìwé òfin ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, ojú kò sì ti wọ́n.

Mo padà lọ nígbà tí wọ́n ṣe é tán. Ó dára, n kò ní purọ́. Ọ̀gánwó náà ń dán bí ara ọmọ tuntun tí a fi àdí pa. Bí a ti jókòó, ọmọbìnrin ilé náà, ọmọ ọdún 7, yọ́ lọ sídìí pákó ìsàlẹ̀, ó fa ìwé kan yọ, ó gbé e wá síwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi kà á." Mo ṣí i: èdè Jámánì ni. Kí n tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti ké láti ilé ìdáná: "Dá a padà síbẹ̀! Ṣé o fẹ́ ba ìlà rẹ̀ jẹ́ ni?" Ọmọ náà gbé e padà, ó rọra tì í kí ó tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ṣe é rí.

Níbẹ̀ ni mo ti bínú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni baba rẹ̀ ń ráhùn sí mi létí pé ilé-ìwé ọmọ náà ní kí òun ra ìwé 3, pé àwọn olùkọ́ ayé ìsinsìnyí ti di oníṣòwò. Bẹ́ẹ̀ ni owó iná tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ pákó kan péré ju owó ìwé 3 náà lọ! Ẹ̀ṣọ́ wo ni ọmọ yìí yóò rí kó ròde? Ṣé àwọ̀ kọ́tìnì ni yóò kà nígbà ìdánwò?

Ṣùgbọ́n bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi tí mo ń bínú, inú páálí lábẹ́ ibùsùn ni ìwé tèmi wà, nítorí láti 20 ọdún ni mo ti ń wí pé n ó kan pẹpẹ. Ikán ti bá mi ka apá kan nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Ìwé tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé òyìnbó, tí oníṣẹ́ rẹ̀ kú ní 1901 láìfojú rí i, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣa àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ tí ó tún un kọ, tí a kò sì rí i kà títí di 1921, òun ni mo gbé kalẹ̀ fún kòkòrò.

Bí mo bá sì rántí ẹni tí ọmọkùnrin yìí jẹ́ nígbà kan, ìbínú mi a máa rọ̀. Òun kan náà ni ó máa ń wá sí ilé mi ní kíláàsì kẹrin, tí yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti àtùpà, tí kò ní jẹ iṣu tí a bù fún un títí Àkàrà-ògùn yóò fi bọ́ lọ́wọ́ Àgbákò nínú ìwé Fágúnwà. Kò sí pẹpẹ ní ilé baba rẹ̀. Mo rò pé láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá ibi tí yóò gbé ìwé sí, owó ni ó kàn dé kí ìwé tó dé.

Igbó Olódùmarè mi ti wà lọ́wọ́ káfíńtà láti ọjọ́ tí ó ti fi wọn pákó. Lọ́jọ́ tí ó ń kàn án, mo bá a tí ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ̀kọ ní ọwọ́ kan, ìwé ní ọwọ́ kejì, ìyẹ̀fun pákó lójú ewé rẹ̀ gbogbo, mo sì fi í sílẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó tẹ̀ mí láago pé òun ti kà á tán, pé ṣé mo ní èyí tí ó tẹ̀ lé e. Mo ní in, ṣùgbọ́n ikán ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí bá ní ẹ̀dà Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tí ewé rẹ̀ pé, irú àwọ̀ yòówù kí ẹ̀yìn rẹ̀ ní, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i ní ọjà pákó Bódìjà.