Ewédò, Ọba Adágún Ẹ̀yìnkùlé

Ewédò, mo rí ọ, mo dọ̀bálẹ̀.
Ọmọ a-bí-lóru-dàgbà-láàárọ̀.
Ọmọ a-tẹ́ní-aláwọ̀-ewé-sórí-omi-olómi.
Ayọ̀bọ̀rọ̀ tí gbajúmọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fìdí jókòó níwájú àlejò.
A kì í wọ ilé láìkí onílé; ìwọ ni mo wá kí.

Ní Lẹ́kí, ní GRA Ìkẹjà, ní Bódìjà, wọ́n gbẹ́ ààfin sílẹ̀ dè ọ́. Wọ́n lẹ táìsì búlúù mọ́ ọn, wọ́n fi iná sábẹ́ omi, wọ́n to àga ìnara sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ làwọn gbẹ́ ẹ fún. Àwọn ọmọ ti wà ní Kánádà. Bàbá onílé kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ìyá onílé kò fẹ́ kí omi kan irun òun. Ta ló wá kù láti gbé inú rẹ̀? Ìwọ Àrẹ̀mọ, ìwọ nìkan ló mọyì owó tí wọ́n ná.

Ìran rẹ kì í ṣe ìran kékeré. Nínú ọ́síjìn tí ẹ̀dá ayé ń ṣe jáde, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni àwọn ìbátan rẹ inú òkun ń pèsè. Létí adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu ń kó ìbátan rẹ mìíràn nínú omi, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń fi se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é. Ìwọ ti ẹ̀yìnkùlé kò bọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ta ní í bi ọmọ ọba léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe?

Kúlórínì ni ọ̀tá rẹ: milígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan, kí pH omi sì wà láàárín 7.2 sí 7.8. Òpè ni yóò bá a jà lójúkojú. Ìwọ ń dúró. Oòrùn ọ̀sán ló ń kọ́kọ́ bá ọ na kúlórínì náà, pàápàá èyí tí wọn kò fi asíìdì sàyánúríìkì bò lára. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti tán nínú omi. Ọyẹ́ á gbé eruku rẹ̀ dé, ewé máńgòrò á jábọ́, òjò á wọ́ ajílẹ̀ wá láti orí koríko aládùúgbò. Oúnjẹ ti délé. Ìgbà náà lo tó dìde.

Ẹ sì wo bó ṣe ń jagun! Bó ti ń jẹun nínú oòrùn, ó ń fa káábọ́nì dáyọ́síàìdì inú omi. Bí ìyẹn ti ń dín, pH ń gòkè. Bí pH ti ń gòkè, kúlórínì tó ṣẹ́ kù ń kúnu: ní 7.5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ṣì mú. Tó bá fi máa tó 8, kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin lọ. Jagunjagun tí í jẹun kó lè gba idà lọ́wọ́ ọ̀tá! Onílé tún ń ràn án lọ́wọ́. Hóró kúlórínì tó ń jù sínú omi ń kó asíìdì sàyánúríìkì wọlé díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dáàbò bo kúlórínì lánàá, bó bá pọ̀ jù, á dì í lọ́wọ́ mú.

Ọmọ a-rìnnà-Olímpíìkì-láìgba-físà. Ní oṣù Ògún 2016, ní Rio de Janeiro, wọ́n da 80 lítà hydrogen peroxide sínú adágún ìbẹ́sómi ní ibùdó ìlúwẹ̀ẹ́ Maria Lenk, ó sì sọ kúlórínì ibẹ̀ di òfo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣàn di àwọ̀ ewé. Adágún kejì tẹ̀lé e. Omi tó lé ní mílíọ̀nù 3 lítà ni wọ́n pààrọ̀ nínú adágún kejì yìí, kí àwọn oníjó inú omi tó lè rí ẹsẹ̀ ara wọn.

Nílé wa ńkọ́? Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú púùlù ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri rẹ̀, ká da kúlórínì oníyẹ̀fun sí i nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, ká tan pọ́ńpù mọ́jú.” Ọ̀gá ní, “Mọ́jú kẹ̀? Pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì ta ni? Da álúmù sí i, jàre.”

Bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn mọ iṣẹ́. Bí kúlórínì bá pa Ewédò lóòótọ́, àwọ̀ ewé á di funfun, omi á dà bí omi ògì. Pọ́ńpù á sẹ́ ẹ títí, wọ́n á fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ dànù síta. Álúmù kò pa ẹnikẹ́ni. Ó kó Kábíyèsí jọ sí ìsàlẹ̀, omi mọ́ lókè, àlejò ọjọ́ ìbí ya fọ́tò. Ọmọ àkọ́kọ́ tó bẹ́ sómi ló jí ọba lójú oorun.

Ibì kan wà tí n kò ní fi ṣẹ̀fẹ̀: omi tí ojú kò tó ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọmọdé lè rì sínú rẹ̀ kí ẹni tó dúró létí má mọ̀. Oyè yẹn, n kò kì í mọ́ ọ.

Ọmọ ó-di-oṣù-tó-ń-bọ̀.
Ọmọ pọ́ńpù-ti-jó-a-ń-wá-rìwáyà.
Ẹ̀gbọ́n rẹ Dúdú ti ta gbòǹgbò sáàárín táìsì, búrọ́ọ̀ṣì ń hó lé e lórí, kò mira.
Àbúrò rẹ aláwọ̀ eruku ti gba ibi òjìji.
Ẹ̀fọn ti bímọ láàfin rẹ, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké ibòsí oyè rẹ lóru.
Ọ̀gá sì ti ń béèrè iye ẹja àrọ̀ tí adágún náà lè gbà.