Fọ́ọ̀mù Tó Kọ̀ Tí Kò Dàgbà

Ní Ṣómólú, ìwé ńlá kì í ba atẹ̀wé lẹ́rù. Gbé A4 fún wọn, wọ́n á sọ ọ́ di A3, ìlọ́po méjì gééé, kí o tó jẹ gúgúrú tán. Fọ́ọ̀mù Microsoft Access tí mo ṣe fún ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀ ni kò gbọ́ èdè yẹn.

Orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi ní Bàrígà ni mo ti yà á, ó sì ṣe rẹ́gí. Àfi bí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé náà ṣe ra mọ́nítọ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. A ṣí fọ́ọ̀mù, gbogbo bọ́tìnnì kóra jọ sígun òsì lókè bí èrò tó ń sá fún òjò lábẹ́ páànù. Ìyókù funfun báláú.

"Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, ṣé owó tí mo san ni ò tó?"

Lórí láptọ́ọ̀pù kékeré akọ̀wé ẹ̀wẹ̀, bọ́tìnnì ìfipamọ́ ti sá lọ pátápátá.

Oògùn rẹ̀ wà: láti Access 2007 ni Microsoft ti fún wa ní Anchoring. Bí ẹní so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn ni: so àpótí mọ́ òsì nìkan, ibẹ̀ ló máa wà, so ó mọ́ òsì àti ọ̀tún, á na ara rẹ̀ bí rọ́bà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà inú rẹ̀ kì í tóbi sí i, bí ọmọdé nínú agbádá bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà náà dàgbà, kó lọ fi èdè VBA kọ kóòdù.

Mo ti so gbogbo wọn báyìí. Ọ̀gá tún pè láàárọ̀: ó ti gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri.