Ta Ló Ń Gbálẹ̀ Òkun?

(Òwúrọ̀ ni, létí òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ìyá Sìkírá jókòó ti bàsíà ẹja rẹ̀. Bósùn, tó ń ṣiṣẹ́ nínú tírọ́là, ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun, yọjú sínú bàsíà.)

BÓSÙN: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Sìkírá. Ẹja rèé àbí abẹ́rẹ́?

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó ìyá rẹ̀ lọ, ẹ tún wá ń fi ọmọ ṣẹ̀fẹ̀.

BÓSÙN: Àwa kọ́! Edé là ń wá jẹ́jẹ́ wa.

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Jẹ́jẹ́! Pátákó wúwo méjì ló ń ya àwọ̀n yín lẹ́nu bí ẹnu ọ̀nì, ẹ̀wọ̀n irin sì ń tú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ nìyẹn?

BÓSÙN: Inú ẹrẹ̀ ni edé ń sá pamọ́ sí. Ṣé ká máa kan ilẹ̀kùn ni?

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Ibẹ̀ náà ni ekòló, akàn àti ẹ̀dá oníkarahun ń gbé, àwọn ni ẹja ń jẹ. Èyí tí irin ò bá fọ́, ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ rú sókè á bò ó mọ́lẹ̀.

BÓSÙN: Ilẹ̀ là ń bá wọn gbá.

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Ìgbálẹ̀ tó kó ìkòkò, tó kó àdògán, tó kó ọmọ tó sùn lórí ẹní! Nítorí kílò edé 1, ẹ lè kó ẹja mìíràn tó kílò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí lẹ ń fi wọ́n ṣe?

BÓSÙN: A ń ta èyí tó dáa. Ìyókù… a ń dá a padà sómi.

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Láàyè?

BÓSÙN: Ẹ máa ń béèrè jù.

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Ẹn-ẹ́n!

BÓSÙN: Àánú wà lójú wa o. A ṣe ilẹ̀kùn sára àwọ̀n kí alábahun òkun lè bọ́ jáde.

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Láti 1989 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé àwọn ò ní ra edé ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ń pa alábahun. Dọ́là lẹ ṣàánú! Alábahun ọlọ́gbọ́n gan-an, àfi kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ọmọ òbọ̀kún ńkọ́?

BÓSÙN: Ariwo ayé òde òní.

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Òde òní wo? Sìkírá mi tó wà ní fásitì kà á fún mi: ní 1376, àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹjọ́ irú àwọ̀n yìí sun ọba. Wọ́n ní ẹja wẹ́wẹ́ tó ń kó pọ̀ débi pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi bọ́.

BÓSÙN: Àwa ń pa òfin mọ́ ní tiwa.

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Òfin ní kí tírọ́là má dẹ àwọ̀n láti etíkun dé máìlì òkun 5. Kí ló dé tí mò ń rí iná yín láti ojú fèrèsé mi?

BÓSÙN: Lóru? Ta ló ń wọn máìlì lóru? (Ó gbá ẹnu ara rẹ̀ mú.) Ẹ bá mi di òbọ̀kún ₦2,000, ẹ jọ̀ọ́. Owó wà lápò mi, ọwọ́ mi ló dọ̀tí.

(Ìyá Sìkírá ki ọwọ́ bọ àpò. Ó fa owó, kọ́kọ́rọ́, obì àbọ̀ àti fóònù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò ya.)

BÓSÙN: Yéè! ₦2,000 ni mo ní!

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Òun náà ni mò ń wá jẹ́jẹ́ mi. Mo kàn bá ọ gbá àpò ni.

BÓSÙN: Ìyókù ńkọ́?

ÌYÁ SÌKÍRÁ: Màá dá a padà. (Ó ju fóònù sínú omi ẹja.) Gbà á.

BÓSÙN: Fóònù mi! Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

ÌYÁ SÌKÍRÁ: O máa ń béèrè jù.