Sùúrù Tí Mo Rà Nílé Epo

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń rọ epo 93 sínú Camry ọdún 2012 tí mo fi ń gbé èrò kiri ìgboro Houston. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn dí mi lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí a ń pè ní Bọ̀dá, ló ní kí n rà á, ẹ sì mọ̀ pé tí àna bá ti sọ̀rọ̀, èèyàn kì í bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

A ń bọ̀ láti òde ìsọmọlórúkọ kan, a ti yó, Bọ̀dá jókòó síwájú, mo wá yà sílé epo. Níbí, ìwọ fúnra rẹ lo máa rọ epo rẹ, kò sí ọmọge tó máa bi ọ́ pé èló ni kí òun tà sí i. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lójú ẹ̀rọ: 87, 89, 93. Mo na ìka sí 87 bí mo ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti délẹ̀ yìí. Bọ̀dá yọrí lójú fèrèsé.

"Àna mi, kí lò ń ṣe yẹn? Rẹ́gúlà? Ṣé o fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ẹ nọ́ọ̀kì ni? Pírímíọ̀mù ni kó o rà! 93 yẹn ni kì í jẹ́ kó nọ́ọ̀kì."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló pa mí. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò l'Ékòó rí mọ ohun tí nọ́ọ̀kì jẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì ni kó kú pátápátá: kó dákú sórí Third Mainland, kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó mirí, kó ní, "Ọ̀gá, àfi kẹ́ ẹ wá tòkunbọ̀ mìíràn." Ọdún tí ẹ́ńjìnnì Datsun bàbá mi nọ́ọ̀kì, ẹran ò wọ ìkòkò wa títí di Kérésì. Kíá ni mo ká ìka mi kúrò lórí 87. Mi ò tiẹ̀ bèèrè pé nọ́ọ̀kì èwo ni àwọn òyìnbó ń sọ.

Bí mo ṣe gun Highway 59 báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìyàtọ̀. Mo búra, mo gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ológbò tó jẹ ẹja yó. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, "Dádì, kò kàn sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà lónìí ni." Mo ní kí ló mọ̀ nípa mọ́tò.

Sẹ́ńtì 85 ni mo ń san lé orí gálọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Gálọ̀nù 14 ni mo máa ń rà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bá mi ṣírò rẹ̀, mo ti ṣe é lóru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí: ó lé ní 800 dọ́là.

Àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London, ló kọ́kọ́ dá ìpayà sí mi láyà. Mo fi yangàn fún un lórí fóònù pé àwa 93 la ń rà níbí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, 95 ni tálákà ń rà lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fàájì ló ń ra 97 tàbí 99." Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé kóńgò ìyá alágbàdo méjì ni wọ́n fi ń wọn epo. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dán epo wò, ọ̀kan rọrùn, èkejì le. Àwọn ará London ń kọ èyí tó rọrùn, tó máa ń ga jù, sára ẹ̀rọ wọn. Amẹ́ríkà ń pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Ìyẹn ni R+M tẹ́ ẹ ń rí lára sítíkà. 95 tí àbúrò mi fi ń bú mi, tó bá dé Houston, kò ju bíi 91 lọ. Mo pè é padà láti sọ fún un. Kò gbé e.

Mẹkáníìkì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí òpópónà Bissonnet, ló wá là mí lójú. Mo gbé mọ́tò lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, mo sì ṣèèṣì sọ pé pírímíọ̀mù nìkan ni mò ń lò. Kò fèsì. Ó ṣí àpótí iwájú mọ́tò, ó fa ìwé tó bá mọ́tò wá yọ lábẹ́ ike ìjẹun àti sítíkà páàkìn tó ti gbó, ó fi ìka tó kún fún gíríìsì tọ́ka síbì kan. 87 ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Àmì ìka rẹ̀ ṣì wà lójú ìwé náà dòní.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "nọ́ńbà yẹn kì í ṣe agbára. Sùúrù ni."

Ó ní písítìnnì máa ń há epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra gádígádí kí pílọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Bí wọ́n ṣe há mọ́ra yẹn, wọ́n ń gbóná. Epo tí kò ní sùúrù á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pílọ́ọ̀gì tó ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wá máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Ìyẹn ni nọ́ọ̀kì tàwọn òyìnbó. Tó bá pẹ́ jù nìkan ló ń di nọ́ọ̀kì t'Èkó. Láàárín 1920 sí 1930 ni wọ́n ti ń fi òǹkà yìí wọn sùúrù epo: wọ́n mú oje kan tó ń jẹ́ isooctane, wọ́n fún un ní 100; wọ́n mú heptane, aláìnísùúrù, wọ́n fún un ní òdo. Epo 87 á fara dà á bí ẹni pé apá 87 isooctane ló pò mọ́ apá 13 heptane. Ooru tó wà nínú gálọ̀nù 87 àti ti 93 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. (Láyé àtijọ́, òjé ni wọ́n ń pò mọ́ epo kó lè ní sùúrù. Thomas Midgley ló rí ọgbọ́n yẹn ní 1921, májèlé sì ni. Ó di 2021 kí Algeria, orílẹ̀-èdè tó ṣẹ́kù, tó jáwọ́ nínú títa á fún ọkọ̀. Ẹ ò rí i pé sùúrù yìí ti ń ná wa lówó tipẹ́.)

Mo ní Bọ̀dá ńkọ́, tí kì í ra ohun mìíràn? Ó ní mọ́tò Jámánì ni ti Bọ̀dá, tọ́bò wà lára rẹ̀ tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu tipátipá, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìdérí ojú epo rẹ̀ pé pírímíọ̀mù ni kí wọ́n fún un. Tó bá fún un ní 87, ohun kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó dà bí etí, á gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ yẹn, á sì mú kí pílọ́ọ̀gì máa pẹ́ ṣáná, agbára ọkọ̀ á dínkù díẹ̀. Tèmi ńkọ́? Ìlọ́po 10.4 péré ló ń há epo mọ́ra, 87 sì làwọn tó ṣe é ní lọ́kàn.

"Ọ̀gá mi, mọ́tò yín ò bá ẹnì kankan jà. Sùúrù wo lẹ wá ń rà fún un?"

Mo gbìyànjú láti gba ara mi sílẹ̀. Mo ní ó kúkú ń fọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó ní láti 1995 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí oògùn tó ń fọ ẹ́ńjìnnì wà nínú gbogbo epo ọkọ̀, t'olówó àti ti mẹ̀kúnnù. Ó tún ní ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tó ń jẹ́ AAA ṣèwádìí, wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 16.5 ló ń ra pírímíọ̀mù fún mọ́tò tí kò nílò rẹ̀, owó tí wọ́n sì fi ṣòfò lọ́dún kan jẹ́ bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mi ò dá nìkan gọ̀. Mo wá rántí pé kò sẹ́ni tó máa dá owó mi padà nínú gbogbo wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni orúkọ pírímíọ̀mù yẹn. Ká ní wọ́n kọ "Epo Onísùúrù" sára ẹ̀rọ ni, ta ni nínú wa tó máa san sẹ́ńtì kan lé e? Ẹnu rọ́bà kan, epo kan la bá nílé. Àdúrà wa ni kó má lómi, ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2022 tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí ìlà ilé epo gùn dé ìdí òpópónà. Ẹni tó ti ibẹ̀ wá, tó wá bá bọ́tìnnì mẹ́ta, oyè ló máa rò pé wọ́n ń jẹ.

Mi ò tíì sọ fún Bọ̀dá o. Ta ni mí tí màá máa la àna mi lóye? Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé e lọ sóde, iná epo tàn, kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ tagbádá tagbádá, mo dúró sójú ẹ̀rọ, mo ká apá agbádá sókè bí ẹni tó fẹ́ jó, mo fi dí Bọ̀dá lójú, mo tẹ 87.

A gun ọ̀nà. Bọ̀dá pa rédíò, ó gbé orí ṣẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ́tí.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń kùn? Pírímíọ̀mù nìyẹn. Rẹ́gúlà ò lè dún báyẹn láéláé."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá," mo ní.