Ẹ̀gbọ́n Akápò, Ẹ Bá Wa Tọ́ Eléyìí Náà Wò

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Akápò ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn ibi iṣẹ́ wa ní Àgọ́-Ìwòyè,

Ẹ kú ìtọ́jú owó wa o. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìjà. Bó bá jẹ́ ìjà ni, ẹ̀yìn yín ni ǹ bá ti sọ ọ́.

Mo bá yín dé ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́sí, ẹ kò sì lè sẹ́ ẹ. Kóńgò gàrí kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà. Ẹ da díẹ̀ sẹ́nu níwájú obìnrin àkọ́kọ́, ẹ ní kò kan tó. Ẹ fọwọ́ fún ti ẹnì kejì, ẹ ní omi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé ti ẹnì kẹta súnmọ́ imú, ẹ ní kó sọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lò nínú àpò. Nígbà tí a dé ìdí obì, ẹ la mẹ́ta kí ẹ tó sanwó ọ̀kan, ẹ ní ẹ̀ ń wá kòkòrò. Ìyá olóbì wò yín títí, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra obì ni, àbí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un?”

Ọjọ́ kẹta ọjà yẹn ni ọkùnrin kan wọlé wá bá wa pẹ̀lú bánà, àwòrán ọmọdé kan tó dúró nínú omi wà lára rẹ̀. Ó ní òun ní fáúndéṣọ̀n tó ń fi ìrẹsì ran àwọn tí omíyalé ṣe léṣe lọ́wọ́ ní Ògùn Waterside. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ẹ fi fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ₦2,000 nínú owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹ tiẹ̀ nu ojú. Obì kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín!

Mi ò pe ọkùnrin náà lólè o. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. A kàn kò da díẹ̀ sẹ́nu ni, bẹ́ẹ̀ ìtọ́wò yìí kò gba kọjá fóònù tó wà lápò yín. Àjọ CAC ló ń forúkọ irú ẹgbẹ́ báyìí sílẹ̀, Incorporated Trustees ni òfin CAMA ti ọdún 2020 ń pè wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni wíwá orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọọdún, láàárín 30 Okúdù sí 31 Ọ̀pẹ, òfin ní kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí CAC láti sọ àwọn tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ àti ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ní. Ó tún yẹ kí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó kíkó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ kò béèrè ọ̀kankan. Nígbà tí mo sì tẹ nọ́ńbà báńkì tó kọ sílẹ̀ fún wa sórí fóònù mi, orúkọ èèyàn ló jáde, kì í ṣe orúkọ fáúndéṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ìwé sílẹ̀, torí ohun tó dùn mọ́ yín jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ní kọ́bọ̀ kan kò ní bá ìrìnnà lọ, pé gbogbo owó pátá ló máa dé ọwọ́ àwọn aláìní. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé Mákùn-Omi ní Waterside yẹn rí? Ẹ ti dúró sétí ọ̀sà ní Ìwòpin? Àpò ìrẹsì kò mọ omi í wẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ gbà á lórí mọ́tò, kó háyà ọkọ̀ ojú omi, kó ra epo sẹ́ńjìnnì, kó tún sanwó fún àwọn tó máa rù ú gòkè. Ẹni tó bá ní òun kò ná nǹkan kan sórí ìyẹn, yálà ẹlòmíràn ló bá a san án, kó dárúkọ onítọ̀hún, tàbí kó jẹ́ pé ìrẹsì náà kò tíì sọdá. Ní Amẹ́ríkà, Charity Navigator àti ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn tó ń yẹ àwọn aláàánú wò kọ lẹ́tà ṣíṣí bí irú èyí ní 2013. Wọ́n bẹ àwọn tó ń tọrẹ pé kí wọ́n yé fi kíkéré owó ọ́fíìsì wọn ẹgbẹ́ tó dára. Ní Waterside, owó epo wà lára iṣẹ́ àánú fúnra rẹ̀.

Ọmọ yín tó wà ní London lè fi fóònù wo ìṣirò owó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission. Lọ́dọ̀ tiwa, àfi kéèyàn la ẹnu béèrè: èló lẹ gbà lọ́dún tó kọjá, abúlé wo lẹ dé, ta ló gbà á lọ́wọ́ yín?

Ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ bi kò tiẹ̀ jìnnà. Ọmọ Mákùn-Omi ni Ìyá Kantíìnì tó ń bu ẹran méjì fún yín lórí owó ẹyọ kan. Mo bi í. Ó ní òun kò gbọ́ orúkọ fáúndéṣọ̀n yẹn rí, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ìpè náà gbà, mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ ìkíni. Ẹ̀gbọ́n náà ní àwọn kan gbé ìrẹsì wá lẹ́yìn omíyalé kan, àwọn sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀n tí omi gbé lọ ni àwọn ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn. Ẹ fojú inú wò ó: à bá máa gbé ìrẹsì lọ bá apẹja tí kò ní àwọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó náà dúró títí di ìpàdé Ọjọ́bọ̀. Ẹ ní kí ọkùnrin náà mú ìṣirò rẹ̀ wá. Bó bá yè kooro, ₦4,000 ni kí ẹ yọ nínú tèmi. Ìyá Kantíìnì náà ń bọ̀ wá jókòó. Ó ní kí ẹ bu díẹ̀ nínú gàrí ọjọ́ yẹn dání, torí òun gbọ́ iye tí ẹ rà á, ó sì dá òun lójú pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé.