Ẹ̀yìn La Kọ sí Ìyake

Àwọn àgbà tó ní ìròyìn ò tó àfojúbà, ẹ má bá wọn wí. Wọn ò mọ̀ pé fóònù ń bọ̀. Láyé tiwọn, ẹni tó bá ti àjò dé á jókòó sábẹ́ igi odán, á máa ròyìn, àwọn tó yí i ká á máa mirí. Tó bá sọ ọ́ débi tó ti fẹ́ dùn jù, á kàn ní, "Ẹ jẹ́ n dákẹ́ ná, ìròyìn ò tó àfojúbà." Ojú ti lọ, ojú ti rí, ẹnu ni ò lágbára àtigbé gbogbo ẹrù tí ojú dì wálé. Lónìí ńkọ́? Ojú kì í dẹ́rù mọ́. A ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ń bá a wò ó, àpò ṣòkòtò ló ń sùn, iná mànàmáná ló ń jẹ.

N kì í ṣe ẹni tó jókòó sókèèrè tó ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹlòmíì. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, àmọ́ Port Harcourt ni mò ń gbé, ọdún 19 rèé tí mo ti wà ní Borokiri. Ẹni tó bá mọ Borokiri mọ̀ pé orí omi la wà. Ẹ yà sọ́tùn-ún, omi ni. Ẹ yà sósì, omi ni. Odò Bonny ń kún, ó ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, a ò sì kí i. Ohun tí a ò ní ni òkè. Ibi tó ga jù tí ọmọ Port Harcourt lè gùn láìsanwó ni bíríjì tí mọ́tò ń gbà kọjá lórí mọ́tò. Láti ìparí 2016 tí èéfín dúdú sì ti ń bọ́ sórí aṣọ tí a sá sórí okùn, tí ẹni tó bá fi áńkáṣíìfù nu imú láàárọ̀ ń rí nǹkan tó jọ ẹ̀dú, kò sí ohun tí wọ́n fi atẹ́gùn tútù polówó rẹ̀ fún wa tí a ò ní rà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wọ inú WhatsApp wa: ìrìn àjò sí Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti lọ wo Ìyake, adágún tó wà lórí òkè. Wọ́n ní irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ta ló wá gun gbogbo òkè ayé tó kà wọ́n? Èmi ò béèrè, ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè. Nǹkan tó bá jẹ́ méjì péré, owó rẹ̀ kì í dun ni í san. Àwa 23 la sanwó, tí a fẹ́ fi omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa lọ wo omi. Mo mọ òwe tó ti dé ẹnu yín báyìí, ti Sókótó àti ṣòkòtò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sinmi. Ṣòkòtò yẹn ti gbó.

Waterlines la ti wọ bọ́ọ̀sì, aago márùn-ún ìdájí. Ẹ bá mi wo ọ̀nà tí a gbà o. Ní Mbiama, a gba orí odò Orashi kọjá. Ní Kaiama, odò Nun. Ní Patani, odò Forcados. Nun àti Forcados yìí, Ọya ni, Ọya tí ẹ mọ̀ yẹn, tó fọ́nká kó tó wọ òkun. Nítorí ìdí odò yìí ni òyìnbó arìnrìn-àjò nì, Mungo Park, ṣe kú sí Bùsà ní 1806. Ìròyìn ló pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà: àwọn kan ní odò Náílì ló ń dà sí, àwọn kan ní Kóńgò ni, àwọn kan ní inú yanrìn ló ń rì sí. Ní 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Badagry, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Bùsà, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n tẹ̀ lé omi, àwọn kan kó wọn lẹ́rú lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn rà wọ́n padà, àwọn méjèèjì sì gba ẹnu Nun jáde sókun. Ọ̀rọ̀ parí: àfojúbà ti dé. (Àwọn ará Brass tó gbé wọn jáde ti ń wa ọkọ̀ lórí omi kan náà kí wọ́n tó bí baba Lander, ṣùgbọ́n ojú tiwọn kò sí lára ojú tí wọ́n ń kà nígbà yẹn.)

Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa dé orí omi tí ènìyàn torí ẹ̀ kú yìí, mo gbójú sókè wo àwọn tí a jọ wà níbẹ̀. Ẹni méjìlá ń sùn. Àwọn tó kù dorí kodò, fóònù ń tàn wọ́n lójú. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí ń wo fídíò ìṣàn omi kan ní Iceland.

Ìṣẹ́yìn la sùn. Ìlú aláṣọ òkè nìyẹn, ibi tí ẹ ti máa ń gbọ́ ìró òfì kí ẹ tó rí ẹni tó ń hun ún. Láàárọ̀, bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ahunṣọ, tí òwú wọn nà gbọọrọ lórí ilẹ̀, ohun tí ẹnì kan nínú wa béèrè ni bóyá òtẹ́ẹ̀lì ti tún wáfáì wọn ṣe. Aṣọ tí àwa fúnra wa wọ̀ ńkọ́? Ẹ bá rí wa, ẹ óò rò pé Kilimanjaro la fẹ́ gùn. Ọ̀kan wọ bàtà olówó gọbọi tó ga dé kókósẹ̀, òmíràn mú ọ̀pá ìgùnkè méjì dání bí aláàárẹ̀. Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì gbé báàgì tí àpò omi wà lára rẹ̀, ó ń fi rọ́bà fà á mu bí ìkókó. Ọmọ Adó tí yóò mú wa gòkè wọ sílípáàsì. Ọ̀kan já lókè níbẹ̀, ó fi okùn ọ̀rá so ó, ó sì ń lọ.

Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ṣe sára òkè náà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n sọ fún wa. Ẹni mẹ́ta tó ní aago tí ń ka ìṣísẹ̀ ni iye tiwọn ò bá ti ara wọn mu, ni wọ́n bá dúró lágbedeméjì, wọ́n ń jiyàn lórí aago ta ló purọ́. Ọmọ náà jókòó lórí òkúta, ó ń dúró dè wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra máa jà o, ó ṣì kù." Lókè pátápátá, ó fi Ìṣàgè hàn wá, òkúta ràgàjì kan tó dúró lórí ìdí tín-ín-rín, tí ẹ óò rò pé atẹ́gùn àná ló yẹ kó ti bì í ṣubú. Ó fi adágún Ìyá Àlàrò hàn wá. Ó mú wa dé ibi tóóró kan tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Àṣìgbé ẹsẹ̀ níbẹ̀, ọ̀run ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n kan ti ní kí wọ́n ya òun bí òun bá ṣe ń fò.

Ó ń sọ fún wa pé orí òkè yìí làwọn baba ńlá àwọn gbé nígbà ogun, kí ayé tó rọ̀ tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní kó dúró ná, kí n ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó dúró. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún un sọ, kò dùn bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Mi ò sì tíì gbọ́ ọ títí di òní.

A dé Ìyake. Òkúta ńlá ló ní kòtò nínú, òjò rọ̀ sí i, òkúta ò jẹ́ kó jò, omi sì jókòó síbẹ̀ lókè téńté, koríko àti igi kéékèèké yí i ká. Àwọn ará Adó gbà pé ayé mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àbúrò báńkì rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbàgbọ́ àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ti Colorado fún un. Àwọn náà kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tiwọn, wọn ò tilẹ̀ gbọdọ̀ tọwọ́ bọ omi rẹ̀, nítorí pé òróró ara ènìyàn ń ba òkúta ẹfun tó gbá omi náà mọ́ra jẹ́. Láti 2019, ẹni tó bá fẹ́ gun òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ṣáájú, dọ́là 12 ni wọ́n ń gbà lọ́dún náà lásìkò tí èrò pọ̀. Òfin kan náà ni. Tiwọn, aṣọ́gbó ló ń ṣọ́ ọ. Tiwa, ẹ̀rù ló ń ṣọ́ ọ, kì í sì í gba owó oṣù. Ẹ̀rù náà ni àbúrò fi rẹ́rìn-ín, ó mu píọ́ wọ́tà tán, ó sì ju ọ̀rá rẹ̀ sí etí omi.

Kí lomi náà jọ? Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo rí ni ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú mi lórí ìlà. Bẹ́ẹ̀ ni, a tò sórí ìlà. Ibi kan ṣoṣo ló dára láti dúró, kí omi àti òkè lè yọ lẹ́yìn ẹni. Bó bá kan ẹnì kan, á sáré dé ibẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí Ìyake, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á gbẹ́sẹ̀ kan síwájú, á ní "tún un yà", á yẹ̀ ẹ́ wò, á ṣojú kókó, á tún padà. Arábìnrin kan ní òun ò fẹ́ irú tàwọn yòókù. Ó fẹ́ kí wọ́n ya òun láìmọ̀, bí ẹni tó ń wo omi, tí omi náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. A yà á láìmọ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Nínú èyí tó wá yàn, ojú rẹ̀ dì pa.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá àgbàlagbà kan fi gòkè dé, ó fi ìró bora, ó mú kòròbá kékeré dání. Kò dé bàtà. Kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó kúnlẹ̀ sétí omi, ó ń wò ó, ó sì pẹ́ tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Arábìnrin tiwa ní ojú fọ́tò ló bọ́ sí.

"Màámi, ẹ má bínú, ẹ bá wa sún díẹ̀."

Ìyá dìde, ó sún. Ó wo gbogbo wa látòkè délẹ̀, ọ̀pá, báàgì, rọ́bà.

"Ẹ kú òkè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ wá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀?"

A wo ara wa. Àbúrò báńkì ló fèsì.

"Kọ́ńtẹ́ǹtì ni, Mà."

Ìyá rò ó díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá tọrọ ọmọ níbẹ̀, òun náà kò sì mọ gbogbo orúkọ tí ayé òde òní ń sọ ọmọ. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyake á fi Kọ́ńtẹ́ǹtì jíǹkí yín. Kò ní í bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ óò gbé e pọ̀n wá fi hàn án lọ́dún tó ń bọ̀."

A ṣe àmín, àwa 23. Ìyá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bu omi tirẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ ohun tó rí nínú omi yẹn tó fi wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé n kò rántí bi í. Ìlà ti kàn mí ni.

Ọjọ́ Àìkú la padà sí Port Harcourt. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Ọ̀rẹ̀ ni ẹnìkan ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò tirẹ̀ pé òun rí ìfọ̀kànbalẹ̀ lórí òkè náà. Òun ló bá awakọ̀ jà lẹ́ẹ̀mejì nítorí wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sínú fóònù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gba etí omi kọjá. Ará Kalabari kan wà ládùúgbò wa, Pápá la ń pè é, apẹja ni látìgbà èwe. Ó jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú bolẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe, abẹ́rẹ́ onígi rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, kò sì wò ó. Omi ń fà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ ti yọ. Mo sọ ibi tí mo lọ fún un, mo ròyìn rẹ̀ dáadáa, àtẹ̀gùn 369, òkúta tí kì í ṣubú, gbogbo rẹ̀. Ó dáwọ́ àwọ̀n dúró. Omi lórí òkè? Ó fi Pidgin béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lé ọ̀kan. Ṣé ó máa ń kún, ṣé ó máa ń fà? Ibo ló ń gbà wọlé? Àwọ̀ wo ló ní nígbà tí oòrùn wà lókè? Ẹja wà níbẹ̀ àbí àkèré nìkan? Ṣé afẹ́fẹ́ ń mú un rú?

Mo ní kó dúró ná. Mo yọ fóònù. Fọ́tò 214 ló wà níbẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nà án jìnnà sójú bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ó fi ìka ńlá fẹ orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ̀ ẹ́ sí ìkejì, ó ń wá nǹkan.

"Omi náà dà?"

"Ó wà lẹ́yìn mi níbẹ̀ yẹn, Pápá."